Báwo Ni Fáírọ́ọ̀sì Ṣe Ń Wọ Inú Sẹ́ẹ̀lì Èèyàn? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé àti àwọn òbí máa ń béèrè láti Ìlọrin dé Ọ̀ffà àti Òmù-Àrán ni a kó jọ síbí. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan àìsàn tó ń bá wa fínra lágbègbè yìí, bí ibà Lassa, mẹ́dọ̀wú àti dìgbòlugi, a ó dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní rìsẹ́pítọ̀?

Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ara ló ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká, ọ̀rá ló sì pọ̀ jù nínú awọ náà. Ohun tó wà níta kì í déédéé gba inú rẹ̀ kọjá. Lórí awọ yìí ni oríṣiríṣi purotéènì àti ṣúgà ti yọ síta. Àwọn kan ń gba iṣẹ́ tí họ́mọ́ọ̀nù jẹ́, àwọn kan ń fa oúnjẹ wọlé, àwọn mìíràn ń so sẹ́ẹ̀lì mọ́ ara wọn. Èyí tí fáírọ́ọ̀sì bá dì mú láti fi wọlé nínú wọn là ń pè ní rìsẹ́pítọ̀ fáírọ́ọ̀sì náà.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ara dá nítorí fáírọ́ọ̀sì. ACE2 tí kòrónà ń lò, iṣẹ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe: èròjà tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀ ló máa ń gé, tí yóò sì sọ ọ́ di èyí tó ń mú kí iṣan dẹ̀. NTCP tí mẹ́dọ̀wú B ń lò, iyọ̀ inú òróòro ló ń fà padà sínú ẹ̀dọ̀. CD4 tí HIV ń lò wà lára sẹ́ẹ̀lì funfun kan kí sẹ́ẹ̀lì náà lè dá ọ̀tá mọ̀. Fáírọ́ọ̀sì bá wọn lẹ́nu iṣẹ́ ni, ó sì sọ wọ́n di ọ̀nà. Ìdí nìyí tí dókítà ò fi lè sọ pé kí a kúkú yọ gbogbo wọn kúrò kí àìsàn má bàa wọlé.

Kí ló dé tí fáírọ́ọ̀sì ò fi lè wọlé láìlo rìsẹ́pítọ̀?

Fáírọ́ọ̀sì ò lẹ́sẹ̀, kò níyẹ̀ẹ́, kì í jẹun, kò sì lè dá pọ̀ sí i. Jíìnì díẹ̀ ni, tí purotéènì bò. Àwọn mìíràn tún fi ọ̀rá bora. Fúlù ò ju nǹkan bí 100 nánómítà lọ, èyí ni pé bí a bá tò 10,000 rẹ̀ sórí ìlà, mìlímítà kan péré ni yóò jẹ́. Omi ara ló ń gbé e kiri. Bó bá kan sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ohun tó lè dì mú, yóò ṣí kúrò níbẹ̀ ni.

Ibi tí rìsẹ́pítọ̀ bá wà ló sábà máa ń pinnu ibi tí àìsàn yóò ti hàn, àti ẹranko tí àìsàn lè mú. Ẹ wo rọpárọsẹ̀. CD155 ni rìsẹ́pítọ̀ rẹ̀, ti èèyàn àti ti ọ̀bọ ló sì bá a mu. Eku ní tirẹ̀ kì í kó rọpárọsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 1990, àwọn onímọ̀ fi jíìnì CD155 èèyàn sára eku, eku náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Jíìnì kan ṣoṣo ló kù tẹ́lẹ̀ kí àìsàn náà tó lè ràn án.

Ìgbésẹ̀ wo ni fáírọ́ọ̀sì ń gbé kó tó dé inú?

Ẹ jẹ́ ká fi fúlù ṣàlàyé, nítorí òun ni wọ́n ti yẹ̀ wò fínnífínní jù.

Àkọ́kọ́ ni ìlẹ̀mọ́. Purotéènì kan tó ń jẹ́ hemagglutinin kún ara fúlù, nǹkan bí 300 sí 400 lórí ẹyọ kan. Ohun tó ń wá ni ṣúgà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ sialic acid, tó máa ń wà ní ṣóńṣó ẹ̀ka ṣúgà lára sẹ́ẹ̀lì imú àti ọ̀fun. Bí hemagglutinin kan bá di ṣúgà kan mú, ìdìmú náà kò le rárá. Ó ń já, ó tún ń so. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò ẹni tó ti oko bọ̀: ìkọ́ kan kò lágbára, àmọ́ wọ́n pọ̀ débi pé gbígbọ̀n kò ràn án. Bí fúlù ṣe ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì pinpin nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ yóò gbé e mì. Ìgbà gbogbo ni sẹ́ẹ̀lì ń tẹ awọ rẹ̀ kòtò sínú láti fi gbé nǹkan wọlé, fúlù á sì bá wọn wọlé. Yóò bá ara rẹ̀ nínú àpò kékeré kan tó ń jẹ́ ẹ́ńdósóòmù. Kò tíì wọlé o: awọ àpò náà ṣì wà láàrin òun àti inú sẹ́ẹ̀lì gan-an.

Sẹ́ẹ̀lì máa ń fa ásíìdì sínú àpò yìí kó lè lọ ohun tó gbé mì. pH inú rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n ásíìdì tó máa ń wálẹ̀ bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀, yóò máa wálẹ̀ láti nǹkan bí 7 títí dé 5.5 tàbí 5. Ásíìdì yìí gan-an ni fúlù ń dúró dè. Bó bá ti kan tó, hemagglutinin yóò yí padà: apá gígùn kan tó ká pamọ́ sínú rẹ̀ yóò nà jáde, yóò gún awọ àpò, yóò tún ṣẹ́ po sẹ́yìn, yóò sì fa awọ méjèèjì súnmọ́ra títí ọ̀rá wọn yóò fi yọ́ pọ̀. Ihò là nìyẹn. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ásíìdì ti ń gba ojú ihò tín-ín-rín kan tó ń jẹ́ M2 wọ inú fáírọ́ọ̀sì, ó sì ti ń tú ẹrù rẹ̀. Jíìnì fúlù, tó pín sọ́nà mẹ́jọ, yóò bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì, yóò sì gba ibi tí jíìnì ti wa wà lọ.

Ohun kan wà tó lè ba gbogbo èyí jẹ́ fún un. Ẹ́ńsáìmù ara wa, ìyẹn purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀bẹ, gbọ́dọ̀ ti gé hemagglutinin sí méjì kó tó dé inú ásíìdì. Bí kò bá tíì gé e, hemagglutinin kò ní lè nà jáde bó ti wù kí ásíìdì pọ̀ tó, sẹ́ẹ̀lì yóò sì lọ fáírọ́ọ̀sì náà kúnná. Inú imú, ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ́ńsáìmù tó lè gé ti fúlù èèyàn pọ̀ sí, ìyẹn sì wà lára ìdí tí fúlù fi sábà máa ń dúró síbẹ̀.

Ṣúgà tó fi wọlé tún lè dá a dúró nígbà tó bá fẹ́ jáde, torí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà ló ṣe ní ẹ́ńsáìmù tirẹ̀, neuraminidase, tó ń gé ṣúgà náà dànù. Òun ni oògùn oseltamivir ń dí lọ́wọ́. Oògùn náà ò lè lé èyí tó ti wọlé jáde, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fẹ́ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí wákàtí 48 tó pé lẹ́yìn tí àìsàn bẹ̀rẹ̀.

Ṣé fúlù adìẹ lè mú ẹni tó ń pa adìẹ lọ́jà?

Ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Sialic acid tí fúlù adìẹ fẹ́ràn so mọ́ ṣúgà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́nà tí wọ́n ń pè ní 2,3. Èyí tó pọ̀ nínú imú àti ọ̀fun èèyàn jẹ́ 2,6. Inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún ni 2,3 ti wà lára wa. Nítorí náà, èèmí díẹ̀ kì í sábà gbé e débi tó lè lẹ̀ sí, àmọ́ bó bá débẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́ tààrà. Ọdún 2006 ni H5N1 kọ́kọ́ wọ àárín adìẹ ní Nàìjíríà. Ẹni tó ń pa adìẹ lọ́jà Ìpàtà ní Ìlọrin tàbí nílé, kó bo imú àti ẹnu, kó ri adìẹ sínú omi gbígbóná kó tó tu ìyẹ́ kí eruku má bàa gbọ̀n sókè, kó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa adìẹ tó ń ṣàìsàn tà. Ẹran tó jinná dénú kò léwu.

Kí ni ibà Lassa ń dì mú, kí ló sì fi ń kó gbogbo ara?

Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àìsàn yìí mọ̀ lọ́dún 1969. Ní 1998 ni wọ́n mọ rìsẹ́pítọ̀ rẹ̀: alpha-dystroglycan. Purotéènì yìí ló ń di sẹ́ẹ̀lì mú ṣinṣin sórí okùn tó wà lábẹ́ rẹ̀, pàápàá nínú ẹran ara. Kì í ṣe purotéènì náà fúnra rẹ̀ ni Lassa ń dì mú bí kò ṣe ẹ̀wọ̀n ṣúgà gígùn kan tí ẹ́ńsáìmù LARGE ń hun sí i lára. Bí ẹ̀wọ̀n yìí bá kúrú tàbí tí kò sí, fáírọ́ọ̀sì ò ní rí ibi dì mú dáadáa.

Dystroglycan kò sí níbì kan ṣoṣo. Ó wà lára iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹran ara, iṣan ìmọ̀lára àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà inú. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé Lassa kò mọ sí ibà: ọ̀fun lè dùn, àyà lè ro, èèyàn lè máa bì, ojú lè wú, ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde, etí sì lè di. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ẹni 100 tó bá kó o, nǹkan bí 80 ni ara wọn kì í le jù tàbí tí wọn ò tilẹ̀ ní mọ̀. Ẹnì kan nínú mẹ́rin lára àwọn tó bá là á já ni etí lè di fún.

Ìwọlé rẹ̀ tún ní ìpele kejì. Lẹ́yìn tí sẹ́ẹ̀lì bá ti gbé e mì, tí ásíìdì sì ń pọ̀, Lassa yóò jọ̀wọ́ dystroglycan, yóò wá di purotéènì mìíràn mú nínú àpò náà, LAMP1. 2014 ni wọ́n rí èyí. Ebola náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: NPC1 tó ń dì mú, inú sẹ́ẹ̀lì ló wà, wọ́n sì mọ̀ ní 2011. Ẹni tó bá ń wá oògùn tí yóò dí Lassa ní láti ro ọ̀nà méjèèjì.

Nínú ilé wa ńkọ́, níbo ló ti ń bá wa pàdé?

Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku kan báyìí tó ń gbé inú ilé àti oko, Mastomys natalensis, ló pọ̀ jù nínú ọ̀nà rẹ̀. Eku náà kì í ṣàìsàn, nítorí náà bí eku ṣe ń ta kébékébé kò fi hàn pé kò ní fáírọ́ọ̀sì náà lára. Gbàgùúdá tí a sá sí ẹ̀bá títì, gàárì tí a fi igbá bò nínú àpò tó ti ya, ẹ̀wà nínú abà: ibi tí eku ń gbà nìyẹn. Ẹ gbé oúnjẹ sínú ohun tó ní ìdérí tó le, tí eyín eku ò lè gún. Ẹni tó ń pa eku jẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lórí ọwọ́ tó ya tàbí tó gé náà jẹ́ ọ̀nà.

Bẹ́ ẹ bá rí ìgbẹ́ eku, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ, nítorí eruku rẹ̀ lè gba imú wọlé. Ẹ kọ́kọ́ da omi bílíìṣì lé e. Bílíìṣì tó bá jẹ́ 3.5 nínú 100, ife 1 sí omi ife 6 ni, èyí ló ń di 0.5 nínú 100. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ tàbí bébà nù ún, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ẹ po tuntun lójoojúmọ́, torí agbára rẹ̀ ń dínkù. Ẹ má da ásíìdì tàbí oògùn ìfọlé mìíràn mọ́ ọn, gáàsì rẹ̀ ń pani lára; ẹ má sì dà á sí ara tàbí sínú omi mímu.

Ibà tí oògùn ibà ò ràn lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tí ọ̀fun dídùn àti èébì bá tún bá a rìn, tí eku sì wà nílé, ẹ má fi tọ́jú ara yín nílé. Àìsàn náà lè fara sin dé ọjọ́ 21. Oògùn ribavirin wà tí dókítà máa ń lò, bó bá sì tètè bẹ̀rẹ̀ ló dáa. Nọ́ńbà NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dènà àrùn, tí a kì í sanwó pè ni 6232.

Ṣé òótọ́ ni pé jíìnì Yorùbá kan ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Lassa?

Ìwádìí kan wà. Ní 2007, onímọ̀ jíìnì kan, Pardis Sabeti, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ jíìnì àwọn èèyàn láti ibi púpọ̀ wò, àwọn Yorùbá Ìbàdàn sì wà nínú wọn. Wọ́n rí i pé lára àwọn Yorùbá, jíìnì méjì, LARGE àti DMD, ní àmì pé irú kan nínú wọn ti tàn kálẹ̀ láti ìran dé ìran ju bó ṣe yẹ lọ. LARGE ló ń hun ẹ̀wọ̀n ṣúgà tí Lassa ń dì mú, DMD sì ń ṣe purotéènì tó so mọ́ dystroglycan. Ohun tó fara hàn ni pé ó ṣeé ṣe kí Lassa ti wà láàárín àwọn baba ńlá wa fún ìgbà pípẹ́, kí àwọn tó ní irú jíìnì yìí sì máa là á já jù.

Ẹ má fi í ṣe ìdí láti máa jẹ gàárì tí eku tọ̀ sí. Ọ̀wọ̀ ní Oǹdó, ìlú Yorùbá tí kò jìnnà sí gúúsù Kwara, wà lára ibi tí Lassa ti ń jà jù lọ ní Nàìjíríà.

Kí ló fà á tí kòrónà fi ń gba òórùn lọ́wọ́ èèyàn, tí chloroquine kò sì wò ó?

Spike ni purotéènì tó yọ síta lára kòrónà, ACE2 ló ń dì mú. Bó ti dì í mú tán, ẹ́ńsáìmù kan lórí sẹ́ẹ̀lì, TMPRSS2, yóò gé spike, awọ fáírọ́ọ̀sì á sì yọ́ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì níta gbangba, láìdúró de ásíìdì. Bí TMPRSS2 kò bá sí níbẹ̀, ó lè gba inú ẹ́ńdósóòmù, kí ẹ́ńsáìmù mìíràn, cathepsin L, gé e níbẹ̀.

Ní ti òórùn, iṣan tó ń gbọ́ òórùn nínú imú kò fi bẹ́ẹ̀ ní ACE2. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbè é, tó ń bọ́ ọ, ni ACE2 pọ̀ lára wọn. Bí àwọn olùrànlọ́wọ́ wọ̀nyí bá kú, iṣan náà ò lè ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá hù padà, òórùn á sábà máa padà bọ̀.

Chloroquine ń dín ásíìdì inú ẹ́ńdósóòmù kù. Nígbà tí wọ́n dán an wò nínú sẹ́ẹ̀lì Vero, tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ọ̀bọ, ó dá kòrónà dúró, ariwo sì ta. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì Vero kò ní TMPRSS2 tó tó nǹkan, nítorí náà inú ẹ́ńdósóòmù nìkan ni kòrónà lè gbà níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró èèyàn ní TMPRSS2. Nígbà tí wọ́n dán oògùn náà wò níbẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà 2020, ìwádìí RECOVERY ní Bìrìtìkó ti fi hàn pé hydroxychloroquine, ìbátan chloroquine, kò dín ikú kù lára àwọn tó wà nílé ìwòsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ka ìròyìn pé "oògùn yìí pa fáírọ́ọ̀sì nínú àwo", ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó bi ni: irú sẹ́ẹ̀lì wo ló wà nínú àwo náà?

Mo ń lo lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé kò ní ṣílẹ̀kùn fún kòrónà?

Ẹ má dá a dúró. ACE ni lisinopril ń dí, ACE2 kọ́. Orúkọ wọn jọra, iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwádìí lára èèyàn ni kò fi hàn pé àwọn tó ń lò ó kó kòrónà jù. Rírọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú jẹ́ ewu tó sún mọ́ni ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀fọn tó jẹ ẹni tó ní HIV, ṣé ó lè kó o ràn mí?

Rárá. HIV gbọ́dọ̀ rí CD4, kó tún rí ìkejì rẹ̀, CCR5 tàbí CXCR4. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀fọn kò ní CD4. HIV tí ẹ̀fọn mu kò ráyè pọ̀ sí i, ikùn ẹ̀fọn á lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ni. Fáírọ́ọ̀sì ibà apọ́njú yàtọ̀: òun lè wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀fọn, kó pọ̀ níbẹ̀, kó sì dé inú itọ́ rẹ̀.

Ti CCR5 tọ́ sí àlàyé díẹ̀ sí i. Àwọn kan wà, ilẹ̀ àríwá Yúróòpù ló pọ̀ sí, tí lẹ́tà 32 sọnù nínú jíìnì CCR5 wọn. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ baba àti ìyá kò ní CCR5 lára sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, HIV tó ń lò ó kì í sì lè wọlé. Ní 2007, wọ́n fi mùdùnmúdùn eegun irú ẹni bẹ́ẹ̀ sára Timothy Ray Brown ní Berlin nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, HIV sì kúrò lára rẹ̀. Ìtọ́jú tó léwu gan-an ni, kì í ṣe ohun tí ilé ìwòsàn lè máa ṣe fún gbogbo èèyàn. Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú Áfíríkà, jíìnì yìí ṣọ̀wọ́n púpọ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun ní in. Maraviroc, oògùn tó jáde ní ọdún 2007 kan náà, ń dí CCR5 láìyọ ọ́ kúrò. Àmọ́ kò wúlò bí HIV ẹni náà bá ń lo CXCR4, ìdí nìyí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Kí ló dé tí mẹ́dọ̀wú B fi ń mú ẹ̀dọ̀ nìkan?

NTCP rẹ̀, ara sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ló pọ̀ sí. Ọdún 2012 ni ẹgbẹ́ Li Wenhui ní Beijing rí i, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń wá a fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oògùn bulevirtide ń jókòó sórí NTCP kí fáírọ́ọ̀sì má ríbi lẹ̀. Mẹ́dọ̀wú D, tó ń yá aṣọ mẹ́dọ̀wú B wọ̀, ni wọ́n fọwọ́ sí i fún.

Nílẹ̀ wa, ọjọ́ orí tí ó wọlé ló ṣe pàtàkì jù. Ọmọ tó bá kó o lọ́jọ́ ìbí, nǹkan bí 90 nínú 100 ni kì í lọ lára rẹ̀ mọ́. Àgbàlagbà tó kó o, kò tó 5 nínú 100. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fẹ́ kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ láàrin wákàtí 24 tí wọ́n bí i, kó tó gba ìyókù ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ọmọ tí wọ́n bí nílé tí wọn ò gbé dé ilé ìwòsàn títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ti pàdánù wákàtí yẹn. Ẹ gbé e lọ síbẹ̀síbẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì yìí lè wà láàyè fún ọjọ́ 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí abẹ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́. Onígbàjámọ̀, oníkọlà àti ẹni tó ń gé èékánná, abẹ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ló tọ́. Fífi iná àbẹ́là gbá a lójú lásán kò tó.

Èéyi ńkọ́, báwo ló ṣe ń yára ràn bẹ́ẹ̀?

Rìsẹ́pítọ̀ méjì ló ní, ọ̀kan fún ìwọlé, ọ̀kan fún ìjáde. Ó ń fi SLAM wọ sẹ́ẹ̀lì agbógunti àrùn tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, àwọn wọ̀nyí á sì gbé e káàkiri ara. Bó bá padà dé ọ̀nà èémí láti inú ẹ̀jẹ̀, yóò di nectin-4 mú ní ìdí sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ ọ̀nà náà, yóò pọ̀ nínú wọn, ọmọ tó ń ṣàìsàn á sì fi ikọ́ gbé e jáde. Nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tó ń rántí àìsàn àtijọ́ ló ń pa, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ èéyi sábà máa ń kó àìsàn mìíràn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Oṣù 9 àti oṣù 15 ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ lórílẹ̀-èdè wa. Èkejì ni àwọn òbí máa ń gbàgbé.

Ajá bù mí jẹ. Kí ni fífọ ojú egbò ní í ṣe pẹ̀lú rìsẹ́pítọ̀?

Ó ní i ṣe púpọ̀. Itọ́ ajá dìgbòlugi ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì sínú ẹran ara. Rìsẹ́pítọ̀ tó ń dì mú, ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí iṣan ìmọ̀lára fi ń pàṣẹ fún ẹran ara láti fún pọ̀. Bó bá ti wọ iṣan, yóò máa gba inú rẹ̀ lọ sí ọpọlọ, níbi tí àǹtíbọ́dì, purotéènì tí ara fi ń gbógun ti àrùn, kò ti lè tètè bá a. Oṣù kan sí mẹ́ta ló sábà máa ń gbà kí àmì tó hàn, bí àmì bá sì ti hàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń yè é. Àsìkò tó wà láàrin ojú egbò àti iṣan ni ẹ ní.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ wo aago. Ìṣẹ́jú 15 pẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Fáírọ́ọ̀sì yìí fi ọ̀rá bora, ọṣẹ sì ń tú ọ̀rá náà. Ẹ fi povidone-iodine kùn ún lẹ́yìn náà. Ẹ má fi ata, epo tàbí eérú sí i, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n rán an pa láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí a ń pè ní ọjọ́ 0, ó tún wà ní ọjọ́ 3 àti 7, ìkẹyìn rẹ̀ sì bọ́ sí àárín ọjọ́ 14 sí 28. Bí egbò bá jìn, wọ́n tún gbọ́dọ̀ fún àǹtíbọ́dì tó ti wà ní sẹpẹ́ sínú egbò náà gan-an, kó lè bo ara fáírọ́ọ̀sì kó tó dé ọ̀dọ̀ iṣan.

Ọmọ mi jẹ́ SS. Ṣé fáírọ́ọ̀sì kan wà tó yẹ kí n ṣọ́ra fún jù?

Parvovirus B19. Sẹ́ẹ̀lì tó ń di sẹ́ẹ̀lì pupa nínú mùdùnmúdùn eegun ló ń wọ̀, ó sì ń dá iṣẹ́ wọn dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tí P antigen, èyí tí fáírọ́ọ̀sì yìí ń dì mú, kò sí lára sẹ́ẹ̀lì pupa wọn, tí wọ́n ṣọ̀wọ́n gan-an, kì í kó o. Ẹni tó jẹ́ AA lè má tilẹ̀ mọ̀, nítorí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120. Ti ọmọ SS kò ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ, nítorí náà bí ilé iṣẹ́ bá ti dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ lára rẹ̀ kíákíá. Bí ọmọ bá funfun lójú àti àtẹ́lẹwọ́, tó rẹ̀ ẹ́, tó ń mí gúlegúle, bí eegun kò tilẹ̀ dùn ún, ẹ gbé e lọ fún PCV, àyẹ̀wò tó ń fi hàn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, lọ́jọ́ náà. Ó lè nílò ẹ̀jẹ̀.

Báwo ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe ń dí ọ̀nà yìí?

Ó ń kọ́ ara láti ṣe àǹtíbọ́dì tó bá purotéènì ìdìmú fáírọ́ọ̀sì mu. Bí àǹtíbọ́dì bá ti bo ibẹ̀, fáírọ́ọ̀sì ò ní lè kan rìsẹ́pítọ̀. Àwọn mìíràn kì í bo ibi ìdìmú, wọ́n ń há purotéènì náà mọ́ kó má lè yí padà nínú ásíìdì. Nínú ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ kòrónà, wọ́n pààrọ̀ ibi méjì péré nínú spike kó lè dúró bó ṣe máa ń rí kó tó nà jáde, nítorí ìrísí yẹn ni àǹtíbọ́dì gbọ́dọ̀ mọ̀.

Fúlù máa ń yí etí ibi ìdìmú rẹ̀ padà lọ́dọọdún, àǹtíbọ́dì àná á sì máa yọ̀ lára rẹ̀. Èéyi ò rí bẹ́ẹ̀: bó bá yí tirẹ̀ padà, kò ní lè di SLAM àti nectin-4 mú mọ́, nítorí náà abẹ́rẹ́ tó ti wà láti ọ̀pọ̀ ọdún ṣì ń ṣiṣẹ́.

Omi iyọ̀, ọtí líle, ọṣẹ: èwo ló ń ṣiṣẹ́?

Ọṣẹ àti omi, fún ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ó ń tú aṣọ ọ̀rá Lassa, kòrónà àti fúlù, ó sì ń fọ àwọn tí kò wọ aṣọ ọ̀rá, bíi rọpárọsẹ̀ àti rotavirus tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, kúrò lọ́wọ́. Ohun ìfọwọ́ oní-ọtí gbọ́dọ̀ ní ọtí tó tó 60 nínú 100, ó sì dára fún ti aláṣọ ọ̀rá ju ti ìyókù lọ. Lẹ́yìn ṣíṣu ọmọ, ẹ lo ọṣẹ. Ọtí mímu kì í dé ibi tí fáírọ́ọ̀sì wà nínú ara ní ìwọ̀n tó lè pa á láìkọ́kọ́ pa ẹni tó mu ún. Omi iyọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi wẹ̀, tí àwọn kan sì mu, nígbà Ebola 2014 kò dí NPC1 tàbí rìsẹ́pítọ̀ kankan, ó sì ṣe àwọn tó mu ún ní jàǹbá.

Àǹtíbáyótíìkì ńkọ́? Ṣé kì í dí rìsẹ́pítọ̀ ni?

Kì í dí i. Ampicillin àti cloxacillin tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ń ba ògiri tí bakitéríà ń mọ yí ara rẹ̀ ká jẹ́. Fáírọ́ọ̀sì ò ní ògiri bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì èèyàn náà ò ní in. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún ẹni tó ní fúlù tàbí èéyi, ó rí àmì pé bakitéríà ti wọlé tẹ̀ lé e ni, bíi nínú ẹ̀dọ̀fóró tàbí etí. Ẹ béèrè èwo ló rí lọ́wọ́ rẹ̀.